Bí Mo Ṣe Lọ Wo Ọmọ tí Màmá Mi Gbà Tọ́ ní Àbíjàn

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ jowú, kí n tó mọ ojú rẹ̀. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ohùn náà wà.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé báwo ni Àbíjàn ṣe rí, ẹ fi ara balẹ̀ kà á. N ó sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní yọ èyí tí ó tì mí lójú kúrò nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní èdè Yorùbá sọ fún wa pé ẹni tí ó bá ń kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, tí ó wá ń tún ojú ara rẹ̀ ṣe, irọ́ ni ó ń kọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Kí ọdún náà tó yípo, màmá mi bá àwọn oníṣòwò lọ sí Àbíjàn, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ ní Inísà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tí ó bí bàbá mi. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé kà. Nítorí náà màmá mi kì í kọ lẹ́tà. Wọn a máa gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọn a sì fi rán ẹni tí ó bá ń bọ̀ wálé. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dé, a ó gbé rédíò sórí àpótí láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé yóò sì dákẹ́. Màmá mi yóò kí Ìyá Àgbà, wọn yóò kí àwọn bàbá agbo-ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọn yóò kí gbẹ̀yìn: "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o ń kàwé?" Fúnkẹ́ ni orúkọ mi, oríkì mi nìyẹn. Ìyá Àgbà náà ń pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi a máa fà á lẹ́nu díẹ̀ níparí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó tán.

Ní ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá mi, kásẹ́ẹ̀tì kan dé. Bí màmá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Màmá mi dá ọ̀rọ̀ dúró, wọ́n ní, "Dákẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo ń sọ̀rọ̀."

Èmi tí mo jókòó sórí ẹní ní Inísà, mo pa ẹnu mi dé. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn ti gba ọmọbìnrin kan tọ́. Obìnrin kan tí ó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn ni ó bí i. Obìnrin náà ti kú, ẹnikẹ́ni kò sì wá bèèrè ọmọ. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn fẹ́ wálé pátápátá kí ọdún Kérésìmesì tó dé, àwọn àti ọmọ náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn ṣí yàrá bàbá mi tí wọ́n ti tì láti ìgbà ikú wọn.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ni ó kọ́kọ́ fọhùn. "Gbà tọ́ kẹ̀! Ó bí i ni. Ó bí i fún ará ibẹ̀, ó wá fẹ́ gbé e wá sínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Àgbà kò fi èsì ránṣẹ́. Wọ́n dúró títí mo fi ṣe ìdánwò mi tán, wọ́n wá pè mí.

"Ìwọ ni o máa lọ," ni wọ́n wí. "Ojú rẹ mú, o kì í sì í purọ́ fún mi. Wo etí ọmọ náà, wo èékánná rẹ̀, wo ìrìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú màmá rẹ ni ó ti jáde, wàá rí i. Ohun tí o bá mú bọ̀ ni n ó ṣe. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ òrukàn lóòótọ́, n ó ní kí wọ́n ṣí yàrá. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí màmá rẹ àti ọmọ rẹ̀ dúró síbi tí wọ́n wà."

Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dìde lórí orúnkún mi, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kí ojú mi rí.

Ojú ọ̀nà

Ìyá Ràfíù, oníṣòwò kan láti Òkukù, ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́. Wọ́n máa ń kó èlùbọ́ àti irú lọ fún àwọn èèyàn wa tí ó wà ní Àbíjàn. Ìkìrun ni a ti wọkọ̀, mo sì há sáàárín Ìyá Ràfíù àti àpò irú wọn.

"Akọ̀wé, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ọjà mi."

"Ó ń rùn ni, mà. Mo fẹ́ tì í síwájú díẹ̀."

"Ó ń rùn! Dúró ná títí a ó fi débẹ̀. Wàá rí àgbà ọkùnrin tí yóò fi imú kan àpò yìí tí omijé yóò bọ́ lójú rẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n bi mí pé ta ni mo ń lọ wò. Mo ní màmá mi ni.

"Màmá rẹ nìkan?"

Mo wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," wọn kò sì bi mí mọ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lójú ọ̀nà ni pé ilẹ̀ òkèèrè kò bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí a bá ti kọjá ẹnubodè, ohun gbogbo yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ní Kútọnu, obìnrin tí ó ta ẹ̀kọ fún wa kí wa ní Yorùbá, Yorùbá tí ó ń lọ sókè sódò bí orin tí n kò kọ́ rí. Díẹ̀díẹ̀ ni èdè wa ń tán lójú ọ̀nà, bí omi inú kèrègbè. Nígbà tí a dé Tógò, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka júwe ohun tí mo fẹ́ jẹ. Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo di odi lójú àgbàdo sísun.

Ní Gánà, ọkọ̀ wa dúró ní ìlú kékeré kan, a sì wọ ilé ìyá arúgbó kan tí ó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ líle tí wọ́n fi àgbàdo kíkan ṣe, àti ata tútù. Bí wọ́n ti gbọ́ ohùn wa ni wọ́n dáhùn ní èdè wa. Wọ́n ní àárín àwọn èèyàn wa ni àwọn gbé dàgbà, kí wọ́n tó lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà. Wọ́n bi mí pé ìlú wo. Mo ní Inísà.

"Inísà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ìyá Inísà kan gbé ìkòkò rẹ̀ fún mi ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá gbé e. Òun nìyẹn lórí iná."

Ìkòkò irin ńlá ni, ìdí rẹ̀ ti dúdú kọjá dúdú. Wọ́n ní bí mo bá délé kí n sọ fún wọn pé kò tíì lu. Mo wo ìkòkò náà títí. Mo rò ó nínú ara mi pé ẹni tí ó ni ín ti ń fi ìkòkò ẹlòmíràn sebẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí, nígbà tí tirẹ̀ wà níhìn-ín tí ó ń bọ́ àwọn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo jẹ kẹ́ńkẹ́ mi pẹ̀lú ìbínú. Ó dùn.

Bí wọ́n ṣe pàdé mi

Láti Inísà ni mo ti ń fi ọkàn ya àwòrán ìpàdé èmi àti màmá mi. Nínú àwòrán náà, àwọn nìkan ni ó máa ń dúró dè mí. Wọn yóò na ọwọ́ méjèèjì, n ó sì sá lọ bá wọn.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, màmá mi dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti sanra sí i, wọ́n sì ti pupa. Ọmọbìnrin kan tí yóò tó ọmọ ọdún mẹ́jọ di ọwọ́ ọ̀tún wọn mú. Ọwọ́ òsì ni màmá mi fi gbá mi mọ́ra.

Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bí ó ṣe ń rìn bọ̀! Ìyá ọkọ mi gan-an ni!" Ìyá Ràfíù náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà wá síwájú. Ó fa orí mi wálẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan tèmi lọ́tùn-ún, ó fi kan tèmi lósì, ó tún padà sí ọ̀tún. Kò kúnlẹ̀. Ní Inísà, bí ọmọdé bá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkúnlẹ̀, wọn yóò bi í bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún.

"Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbí nìyẹn," ni màmá mi wí. "Àmẹ́nà ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

"Àti orúkọ tí ẹ̀yin sọ ọ́ ńkọ́, mà?"

Wọ́n gbé ẹrù mi lé orí.

Agbègbè kan tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí ni màmá mi ń gbé, nínú àgbàlá tí àwọn ayálégbé mẹ́fà jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan. Kí n tó wọ yàrá, màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ onílé, obìnrin kan láti ẹ̀yà Baúlé ilẹ̀ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Táńtì, ìyẹn àǹtí. Wọ́n fún mi ní ìjókòó. Bí mo ti jókòó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn, mo sì fẹ́ sọ ẹni tí mo jẹ́, ṣùgbọ́n màmá mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Má tíì sọ̀rọ̀. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò bi ọ́ ní ìròyìn."

Omi dé, mo mu ún. Gbogbo wọn jókòó wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń dúró de ìdájọ́. Lẹ́yìn náà ni Táńtì na ọrùn síwájú, wọ́n sọ̀rọ̀, màmá mi sì túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní kí ni ìròyìn? Kí ni ó gbé ọ wá?"

Nílẹ̀ wa, àlejò lè jẹun, kí ó sùn, kí ó jí, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìdí tí ó fi wá. Níbí, níwájú gbogbo ilé ni o ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú omi wọn nínú ikùn rẹ. Mo wo ojú màmá mi. Mo wo ọmọ náà, tí ó ti fi orí lé itan wọn.

"Ire ni," ni mo wí. "Mo wá kí màmá mi ni."

Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ní ilẹ̀ Àbíjàn.

Etí, èékánná àti ìrìn

Mo ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Etí ọmọ náà kéré, ó sì lẹ̀ mọ́ orí. Ti màmá mi fẹ̀. Èékánná rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ti màmá mi rí roboto. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń lọ sí ọjà, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo sì rí i: ìrìn kan náà ni. Àwọn méjèèjì ń ju èjìká ọ̀tún síwájú, wọ́n sì ń fa gìgísẹ̀ òsì díẹ̀. Mo ní, mo ti mú un.

Ní ìsọ̀, níbi tí màmá mi ti ń ta abọ́ tánganran àti ṣíbí, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ tí ó ń jókòó ṣeré. Bí oníbàárà bá dá owó tí kò tó, màmá mi yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò sì yí ojú padà. Ọmọ náà yóò pàtẹ́wọ́ tirẹ̀, òun náà yóò yí ojú padà. Oníbàárà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi owó kún un. Tí ó bá sọ Yorùbá, ohùn Inísà ni ó fi ń sọ ọ́, ohùn ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Ta ni ó fún un? Èmi ni mo ń pọn omi Inísà. Èmi ni mo ń gbá ilẹ̀ Inísà lójoojúmọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ohùn màmá mi láti ibi ẹ̀rọ omi. "Àbẹ̀kẹ́ o!" Wọ́n fà á níparí.

"Mà!" Mo fò dìde lórí ẹní, mo sáré jáde. Ọmọ náà ti wà níbẹ̀ ní ìhòòhò. Màmá mi mú kànìnkànìn àti ọṣẹ lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, ojú sì tì wọ́n díẹ̀.

"Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Ìwọ ti dàgbà, o lè wẹ ara rẹ."

Mo dúró síbẹ̀ mo ń wo bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀yìn rẹ̀. N kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni wẹ̀ mí kẹ́yìn. Nígbà tí ọmọ náà lọ wọṣọ, mo béèrè.

"Màmá mi, kí ló dé tí ẹ fi oríkì mi fún un?"

Wọn kò bínú. "Nígbà tí mo gbà á, ó di ọdún márùn-ún tí ẹnu mi ti ń wá ẹni tí yóò pè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ó ṣubú, mo sì pariwo. Orúkọ tí ó jáde lẹ́nu mi nìyẹn."

"Mo wà ní Inísà, mà. Ẹ lè pè mí."

"Mo ń pè ọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ta ni ó dáhùn?"

Rédíò Ìyá Àgbà kò lè gba ohùn sílẹ̀. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí màmá mi ti ń bá wa sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó rò ó pé ó yẹ kí a yá èyí tí ó lè gbà á.

Ìdajì

Wàyí o, mo dé ibi tí ó tì mí lójú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a ti ìjọ Aládùúrà dé, àwọn èèyàn wa kan wá kí màmá mi nítorí mi. Ìyá Ràfíù wà níbẹ̀, ọkùnrin kan láti Ìbà àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Màmá mi se atiẹkẹ. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe é bíi gàrí, ṣùgbọ́n ooru omi ni wọ́n fi ń sè é dípò kí wọ́n yan án. Ó rọ̀, ó sì kan díẹ̀. Wọ́n bù ú pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà tútù àti tòmátì. Abọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún èmi àti ọmọ náà.

Ọmọ náà jẹun títí ó fi dé ìdajì. Ó dúró. Ó fi ìka pín ẹja rẹ̀ sí méjì, ó fi èyí tí orí wà lára rẹ̀ sórí oúnjẹ tí ó kù, ó gbé abọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé e ka iwájú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará ilé, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àgbà ni ó ń jẹun tí ó ń ṣẹ́ kù fún ọmọdé. Ọmọdé kì í ṣẹ́ kù fún àgbà. Ẹni tí ó bá gbé àjẹkù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú àlejò ti sọ fún un pé, ìwọ ni àbúrò nínú ilé yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ débí. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ó wá sókè.

"Èmi ni o ń gbé àjẹkù fún?" Mo ti abọ́ náà padà pẹ̀lú agbára. Ó yí dànù. Atiẹkẹ fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

"Yéè, akọ̀wé!" ni Ìyá Ràfíù wí.

Ọkùnrin ará Ìbà wo orí òrùlé. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lórí orúnkún. Kì í ṣe láti bẹ̀ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa atiẹkẹ náà nílẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o sínú ọ̀rá. Nígbà tí kò ku ẹyọ kan, ó di ẹnu ọ̀rá náà, ó sì gbé e wọ yàrá lọ.

Màmá mi kò nà mí. Wọ́n dìde, wọ́n mú mi lọ́wọ́ wọ yàrá, wọ́n ní kí ọmọ náà lọ dúró ti àwọn àlejò. Wọ́n fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n ṣí i.

Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, èyí tí ó ti gbẹ bí pákó. Ìdajì ni gbogbo wọn. Ṣúgà oníhóró wà níbẹ̀, tí wọ́n fi eyín gé sí méjì. Ìdajì bísíkíìtì. Ìdajì ọsàn tí ó ti di èèpo lásán.

"Ìyá rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní òun ń lọ sí ilé ìwòsàn, òun ń bọ̀," ni màmá mi wí. "Ó fi búrẹ́dì kan sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀ pé ọmọ wà nínú yàrá náà. Nígbà tí a já ìlẹ̀kùn, ìdajì búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ti ìyá òun ni. Láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹ oúnjẹ tán. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti gbàdúrà lé e lórí. Fúnkẹ́, ọdún mẹ́ta nìyí. Kò fún èmi ní ìdajì yẹn rí. Kò fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìwọ lónìí."

Ẹ̀yin yóò rò pé àánú ni ó kọ́kọ́ ṣe mí. N kò fẹ́ purọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi ni pé ó ku ohun kan tí ọmọ yìí kò fún màmá mi, tí ó sì fún mi. Inú mi dùn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó rántí abọ́ tí mo dà nù.

Màmá mi pa páálí náà dé. "Mo mọ ìdí tí Ìyá Àgbà fi rán ọ wá. Mo ti jẹ́ ìyàwó ilé yẹn rí. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o sọ, n kò ní bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gba òun, n kò lè wá."

"Èmi ńkọ́, mà?"

"Ìwọ ní Ìyá Àgbà," ni wọ́n wí. "Òun, ta ni ó ní?"

Fún ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ náà kò gbé nǹkan kan ka iwájú mi mọ́. Ó ń jẹ ìdajì, ó ń di ìdajì. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo jẹ atiẹkẹ tèmi títí dé àárín, mo fi ẹja tí ó kù lé e lórí, mo sì ti abọ́ náà sí iwájú rẹ̀, bí àgbà ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó jẹ ìdajì ohun tí mo fún un, ó sì di ìdajì yòókù sínú ọ̀rá.

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n fi ọwọ́ pa orí rẹ̀. Orí tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Èsì

Nígbà tí mo padà dé Inísà, Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí n tú ẹrù. Wọ́n jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Kékeré dúró tì wọ́n.

"Etí rẹ̀?"

"Kò jọ ti màmá mi, mà."

"Èékánná?"

"Kò jọ ọ́, mà."

"Ìrìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìrìn wọn dọ́gba, mà."

Bàbá Kékeré fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Òótọ́ ni mo sọ. Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti parí. Ìlẹ̀kùn yàrá bàbá mi yóò wà ní títì. Kò sí ẹni tí yóò dáhùn oríkì mi nínú ilé yìí, àfi èmi. Mo dúró níbẹ̀, mo sì dán an wò nínú ọkàn mi, bí ẹni tí ó ń wọ bàtà ẹlòmíràn láti mọ̀ bóyá ó bá òun mu. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi mu.

"Bàbá Kékeré," ni mo wí, "ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ibùsùn."

Mo sọ ti páálí náà fún wọn. Mo sọ ti ìlẹ̀kùn tí wọ́n já. Mo sọ ti abọ́ tí mo dà nù, n kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bàbá Kékeré wá ibi tí wọn yóò gbé ojú sí. Nígbà tí mo parí, Ìyá Àgbà nu ojú wọn pẹ̀lú etí ìró.

"Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Rárá, mà."

Bàbá Kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Oríkì mi ni wọ́n ń pè é, sà. Wọ́n ń bó o lẹ́yìn láràárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń dì í mú. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Inísà, kò sì pọn omi níbí rí. Inú ń bí mi sí i lójoojúmọ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Ìyá Àgbà wí. "A kì í jowú àlejò, Fúnkẹ́. Àlejò yóò jẹun, yóò lọ. Ọmọ ilé ẹni ni a ń bínú sí báyìí." Wọ́n yíjú sí Bàbá Kékeré. "Lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni Ìyá Ràfíù ránṣẹ́ sí wa pé màmá mi àti ọmọ náà ti ń múra. Mo ti gbá yàrá náà, mo ti fọ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti na ẹní mẹ́ta. Ti màmá mi ni ó wà láàárín. Èyí tí ó wà lábẹ́ fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, èmi ni mo ni ín, n kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.